Kí Ọ̀rọ̀ Ó Ṣíwájú Omi: Bí Ìkìlọ̀ Omíyalé Ṣe Ń Dé Etí Àgbẹ̀

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lónìí kan ẹni tó ń dáko sí etí odò, pàápàá ẹ̀yin alákùrọ̀ tí ẹ ń gbin ẹ̀fọ́, ewédú, ilá, ìrèké àti ìrẹsì sí ilẹ̀ tí omi máa ń bò. Ó kan ẹni tó gbẹ́ adágún ẹja sí ìsàlẹ̀ odò. Ó sì kan ẹni tí ẹ̀rọ ìfami rẹ̀ ń sùn sóko.

Bí òjò bá ṣú lókè orí wa, kò sí ẹni tó ń dúró de rédíò kó tó kó àgbàdo tó sá wọlé. Ojú wa tó o. Ṣùgbọ́n omi kan wà tí kì í ti ojú ọ̀run bọ́ sórí oko ẹni. Oòrùn lè máa ràn kanrangandan ní Ìṣẹrì, kí àgbẹ̀ máa bomi rin ewédú rẹ̀, kí omi sì ti máa bọ̀ lọ́nà láti ibi tó jìnnà. Irú omi bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ nìkan ló lè ṣíwájú rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá pẹ́ lọ́nà, omi ni yóò fúnra rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí a fi dáàmù Ọ̀yán ṣe àpẹẹrẹ. Ọdún 1983 ni wọ́n ṣí i, níbi tí kò ju nǹkan bíi 20 kìlómítà sí Abẹ́òkúta, kó lè máa pèsè omi fún Abẹ́òkúta àti Èkó àti fún oko tí a ń bomi rin. Omi tó lè gbà tó lítà bílíọ̀nù 270. Odò Ọ̀yán ń ṣàn wọ inú Odò Ògùn. Odò Ògùn gba àárín Abẹ́òkúta kọjá, ó sọ̀ kalẹ̀ lọ sí Ìṣẹrì, ó gba ẹ̀bá Àjégúnlẹ̀ àti Agbóyì, kó tó wọ inú ọ̀sà ní Èkó. Bí òjò bá pọ̀ lókè tí dáàmù sì kún dẹ́nu, àwọn tó ń ṣọ́ ọ gbọ́dọ̀ ṣí ẹnu rẹ̀ kí omi díẹ̀ lè jáde. Àwọn kan máa ń bínú pé kí ló dé tí wọn kò fi tì í pa. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Maiduguri ni ìdáhùn: ní ọjọ́ kẹwàá oṣù kẹsàn-án ọdún 2024, dáàmù Alau já, omi sì bo apá tó pọ̀ nínú ìlú náà. Omi tí a tú díẹ̀díẹ̀ sàn ju èyí tó já lọ, bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ bá ti gbọ́ ṣáájú.

Bẹ́ẹ̀ ìgbà tí òjò àrọ̀kúrò bá ń parí lọ, láàrin oṣù kẹsàn-án sí ìkẹwàá, ni omi tí a ń tú sílẹ̀ máa ń pọ̀ jù. Ìgbà náà gan-an ni àwọn alákùrọ̀ ń múra láti tún ebè kọ. Ní oṣù kẹwàá ọdún 2010, omi tó ti Ọ̀yán wá lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nílé ní Àjégúnlẹ̀, lọ́nà Ìkòròdú. Ọ̀sà tí odò náà ń wọ̀ sì máa ń kún nígbà tí òkun bá ru sókè, nítorí náà omi tó dé ìsàlẹ̀ kì í tètè rí ọ̀nà lọ. Ó lè jókòó sórí oko fún ọ̀pọ̀ ọjọ́.

Ta ló wá ń kọ́kọ́ mọ̀ pé omi ń bọ̀? Kì í ṣe àwa oníròyìn. Àjọ NiMet, tó ń wo ojú ọjọ́, máa ń gbé àsọtẹ́lẹ̀ òjò ọdún jáde ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún: ìgbà tí òjò yóò bẹ̀rẹ̀ ní agbègbè kọ̀ọ̀kan, ìgbà tí yóò dá, àti bí ọ̀dá àárín òjò yóò ṣe gùn tó. Lẹ́yìn èyí ó tún ń sọ ti ojoojúmọ́. Àjọ NIHSA ló ń wọn omi inú odò. Lẹ́yìn omíyalé ọdún 2012, tó pa èèyàn 363 ní Nàìjíríà tó sì lé ohun tó ju mílíọ̀nù méjì lọ kúrò nílé, àjọ yìí bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ ìwé jáde lọ́dọọdún láti ọdún 2013, tó ń dárúkọ àwọn ìjọba ìbílẹ̀ tí omi lè bò. Àjọ tó ń ṣàkóso Odò Ògùn àti Ọ̀ṣun ló ni dáàmù Ọ̀yán níkàáwọ́, òun ló sì ń sọ ìgbà tí yóò tú omi. Àjọ NEMA ti ìjọba àpapọ̀ àti àjọ pàjáwìrì ti ìpínlẹ̀ ló ń kó ọ̀rọ̀ wọ̀nyí jọ, tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí wa.

Ọ̀rọ̀ dé iyàrá ìròyìn wàyí. Rédíò kan wà níbẹ̀ tí a kì í pa. Òun la fi ń gbọ́ ohun tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wa ń sọ, títí kan ìròyìn aago méje àárọ̀ tí Rédíò Nàìjíríà ń fi bá gbogbo orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀. Ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lóru náà ní ìwé kan níwájú rẹ̀, tó ń kọ ohun tó gbọ́, aago tó gbọ́ ọ, àti ẹni tó sọ ọ́ sí. Bí ìkìlọ̀ bá dé lórí fóònù, kì í sáré lọ sídìí ẹ̀rọ. Yóò kọ́kọ́ fi nọ́ńbà tí àwa fúnra wa ní lọ́wọ́ pe ọ́fíìsì tí wọ́n sọ pé ó ti wá, kì í ṣe nọ́ńbà tó fi pè wá. Yóò bi wọ́n pé: ta ló fọwọ́ sí i? Odò wo? Láti ìgbà wo sí ìgbà wo? Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni gbogbo èyí ń gbà.

Àwọn kan máa ń sọ pé ìwádìí yìí ń fi àkókò ṣòfò, pé ó ti wà lórí fóònù gbogbo èèyàn kí rédíò tó sọ ọ́. Ẹ rántí oṣù kẹjọ ọdún 2014, lẹ́yìn tí àrùn Ebola wọ Nàìjíríà. Lóru ọjọ́ kan ni fóònù bẹ̀rẹ̀ sí í dún káàkiri pé kí èèyàn fi omi iyọ̀ wẹ̀ kó sì mu ún kí ilẹ̀ tó mọ́. Ìyá ń jí ọmọ, ọmọ ń jí ìyá. Irọ́ pátápátá ni. Àwọn tó mu ún jù dèrò ọsibítù, Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé ó kéré tán èèyàn méjì kú sí i. Ọ̀rọ̀ tó yára tí kò ní baba ni ìyẹn.

Ibi tí iṣẹ́ wa ti le jù ni a dé yìí, ìyẹn sísọ ìkìlọ̀ di èdè tí àgbẹ̀ yóò gbọ́ yé. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni ìwé wọn fi ń wá. Yóò sọ pé omi lè bo ìjọba ìbílẹ̀ báyìí-báyìí. Àgbẹ̀ mélòó ló mọ ibi tí ààlà ìjọba ìbílẹ̀ gbà nínú igbó? Odò ni àgbẹ̀ mọ̀. Ó mọ orúkọ afárá, ó mọ orúkọ abúlé, ó mọ ọjà tí a ń ná lọ́jọ́ márùn-ún márùn-ún. Nítorí náà kò yẹ kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ ka orúkọ ìjọba ìbílẹ̀ kó sì dákẹ́. Ó yẹ kó sọ pé: ẹ̀yin tí ẹ wà ní etí Odò Ògùn láti ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta dé Ìṣẹrì, ẹ̀yin ni a ń bá wí.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ òjò. Wọn a ní òjò mìlímítà 50 lè rọ̀ lálẹ́ òní. Kí ni ìyẹn já mọ́ létí ẹni tó ń gbọ́ ọ? Mìlímítà kan túmọ̀ sí pé lítà omi kan bọ́ sórí ilẹ̀ tó jẹ́ mítà kan níbùú, mítà kan lóròó. Bí mìlímítà 50 bá rọ̀ sórí éékà kan péré, omi náà yóò kún àgbá onílítà 200 tó ju 1,000 lọ. Ẹ wá ro ti éékà gbogbo tó yí odò ká, tí àgbàrá wọn ń wá ojú kan náà lọ. Ní ọjọ́ kẹrìndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 2011, òjò tó rọ̀ ní Ìbàdàn fi púpọ̀ kọjá mìlímítà 150 láàrin wákàtí mélòó kan. Omi kọjá lórí dáàmù Ẹlẹ́yẹlé, ó gbé afárá lọ, ó gbé ẹja nínú adágún Yunifásítì Ìbàdàn, ó sì pa ohun tó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ rántí Ògùnpa ti ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1980. Ẹ kíyè sí i pé irú omi ti Ìbàdàn yìí kò fúnni láyè bíi ti Ọ̀yán. Àárín òjò kan náà ló ń bẹ̀rẹ̀ tó ń parí. Ẹni tó bá ń gbé lẹ́bàá irú odò bẹ́ẹ̀, àsọtẹ́lẹ̀ àárọ̀ ni kó fi ṣe ìkìlọ̀ rẹ̀. Kó má dúró de òmíràn.

Ọ̀rọ̀ mẹ́ta ni ó yẹ kí etí yín mọ̀ yàtọ̀ síra wọn. Bí a bá ní “ẹ máa ṣọ́nà”, ó túmọ̀ sí pé ó lè ṣẹlẹ̀, ó sì lè má ṣẹlẹ̀. Bí a bá ní “ẹ múra”, omi ti kúrò níbi tó wà, ó ń bọ̀. Bí a bá ní “ẹ kúrò”, ẹ má dúró kó ohunkóhun. A kì í fi ọ̀kan pààrọ̀ èkejì lórí afẹ́fẹ́, bó ti wù kí sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀ fẹ́ kí ohùn rẹ̀ dùn tó.

Ní Amẹ́ríkà, wọ́n ti sọ iṣẹ́ yìí di ti ẹ̀rọ. Láti ọdún 1997 ni ètò tí wọ́n ń lò báyìí ti bẹ̀rẹ̀. Ní ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan, wọ́n yan àwọn ilé iṣẹ́ rédíò kan ṣe aṣáájú. Ó pọn dandan kí gbogbo ilé iṣẹ́ yòókù máa fetí sí orísun méjì ó kéré tán, tọ̀sán-tòru, kó lè jẹ́ pé bí ọ̀kan bá kú, èkejì yóò gbé ọ̀rọ̀ náà dé. Ẹ̀rọ kan wà lọ́dọ̀ wọn tó ń gbọ́ àmì tí a fi ṣáájú ìkìlọ̀. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni àmì náà ń dún, ó sì ń sọ irú ewu tó jẹ́, agbègbè tó kàn àti ìgbà tí yóò parí. Wọ́n ń dán an wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ àti lóṣooṣù. Èyí tí mo fẹ́ràn jù nínú rẹ̀ ni ti orísun méjì yẹn, nítorí kò gba owó ńlá. Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù tí kò ní ju rédíò méjì lọ lè ṣe é.

Ṣùgbọ́n ẹ̀rọ kò ní kí èèyàn sùn. Ní ìlú Minot ní North Dakota, lóru ọjọ́ kejìdínlógún oṣù kìíní ọdún 2002, ọkọ̀ ojú irin tó gbé ammonia, èyí tí àwọn àgbẹ̀ ibẹ̀ ń lò bí ajílẹ̀, yẹ̀ gẹ̀rẹ̀ kúrò lójú irin. Òórùn olóró bo ìlú náà, èèyàn kan kú, ọgọ́rọ̀ọ̀rún sì fara pa. Ìròyìn tó jáde nígbà náà sọ pé àwọn ọlọ́pàá pe ilé iṣẹ́ rédíò tó yẹ kó kéde, wọn kò rí ẹni gbé fóònù. Ní Hawaii pẹ̀lú, ní ọjọ́ kẹtàlá oṣù kìíní ọdún 2018, ìkìlọ̀ jáde láàárọ̀ pé ohun ìjà olóró ń bọ̀ lójú ọ̀run. Kò sí ohun tó ń bọ̀. Ìṣẹ́jú 38 kọjá kí wọ́n tó fi ìkìlọ̀ mìíràn pa á rẹ́.

Ní ìpínlẹ̀ tiwa, ọ̀nà tí ọ̀rọ̀ ń gbà rìn ní gegele. Ìgbì FM kì í gun òkè. Bí òkè bá dúró sáàárín òpó wa àti abúlé yín, ohùn wa lè máa já wẹ́kẹwẹ̀kẹ lọ́dọ̀ yín tàbí kó má dé rárá. Ìgbì tí rédíò ayé àtijọ́ ń lò máa ń jìnnà jù ú lọ, pàápàá lóru. Nítorí náà, kí abúlé kọ̀ọ̀kan mọ ilé iṣẹ́ méjì tí ohùn wọn mọ́ jù lọ́dọ̀ wọn, ti ìjọba tàbí ti aládàáni, kí wọ́n fi kálàmù sàmì sí ojú rédíò níbi tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wà. Bí iná bá lọ, òpó ìgbóhùnsáfẹ́fẹ́ ń lo jẹnẹrétọ̀, epo jẹnẹrétọ̀ sì lè tán. Ìdí tí èkejì fi ṣe pàtàkì nìyẹn.

Àwọn àgbà wa ní orúkọ kan tí wọ́n ń pe rédíò: asọ̀rọ̀mágbèsì. Ní ti ìkìlọ̀ omi, orúkọ yìí kò gbọdọ̀ bá a mu mọ́. Ẹ̀yin tí ẹ wà lókè odò ni ojú wa. Bí ẹ bá rí i pé omi ti ga kọjá àmì tí ẹ mọ̀ lára afárá, tàbí pé àwọ̀ rẹ̀ yí padà tó sì ń gbé igi odindi bọ̀, ẹ pè wá. Ẹ sọ orúkọ afárá, ẹ sọ aago tí ẹ rí i, ẹ sọ bóyá ó ń ga sí i ni tàbí ó ń fà. Ẹ má sọ fún wa pé “omi ti pa wá tán”. Ìyẹn kò jẹ́ kí a mọ ohun tí a ó sọ fún ẹni tó wà nísàlẹ̀.

Kí ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù kọ̀ọ̀kan yan ẹni méjì tí yóò máa gbọ́ rédíò nígbà òjò, ọ̀kan ní ọ̀sán, ọ̀kan ní alẹ́, kí ilé àwọn méjèèjì má wà lójú kan náà. Kí ẹgbẹ́ ra bátìrì fún wọn nínú àpò ẹgbẹ́. Mo mọ̀ pé wọn yóò ní owó bátìrì kéré jù láti bá ìpàdé jókòó lé lórí. Ẹ jókòó lé e lórí. Kí àwọn méjì yìí mọ ẹni tí wọn yóò kọ́kọ́ sọ fún, kí ẹni náà mọ àwọn tí òun yóò sọ fún, títí dé ọ̀dọ̀ akéde tó ní agogo àti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò tó yá ilẹ̀ dáko, tí wọn kì í sí nínú ẹgbẹ́.

Ohun tó nira jù ni ìpinnu. Ẹ̀gẹ́ tó bá wà nínú omi fún ọjọ́ mélòó kan yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rà nínú ilẹ̀. Bẹ́ẹ̀, ẹ̀gẹ́ tí a bá hú kì í ju ọjọ́ méjì sí mẹ́ta lọ kó tó bàjẹ́. Bí a bá sáré hú gbogbo rẹ̀ nítorí “ẹ máa ṣọ́nà”, tí omi kò sì wá, a ti fi ọwọ́ ara wa ta oko wa lọ́pọ̀. Èrò tèmi ni pé nígbà “ẹ máa ṣọ́nà”, ẹ lọ bá àwọn tó ní ẹ̀rọ gàrí sọ̀rọ̀, kí ẹ mọ iye tí wọ́n lè gbà lójúmọ́. Nígbà “ẹ múra”, ẹ hú èyí tó gbó ní ibi tó lọ sílẹ̀ jù, ẹ gé ẹ̀fọ́ tó tó gé, ẹ na àwọ̀n yí adágún ẹja ká kó ga. Ẹ̀rọ ìfami, irúgbìn àti àpò ajílẹ̀ ti gbọ́dọ̀ kúrò lóko nígbà náà. Oògùn apakòkòrò àti oògùn ìpaǹpẹ́ ni kí ẹ kọ́kọ́ gbé, torí bí omi bá gbé wọn, omi mímu abúlé tó wà nísàlẹ̀ ni wọ́n ń lọ. Ẹni tó bá ti dójútòfò oko rẹ̀ lọ́dọ̀ àjọ NAIC, kó ya fọ́tò oko náà kí omi tó dé àti lẹ́yìn tó bá lọ, kó sì tètè fi tó wọn létí.

Bí ìkìlọ̀ bá wá jáde, báyìí ni ẹ ó ṣe gbọ́ ọ: “Ìkìlọ̀ omíyalé ni èyí. Àjọ tó ń ṣàkóso odò ló fi ránṣẹ́ ní aago mẹ́wàá òwúrọ̀ òní, a sì ti pè wọ́n padà. Ẹ̀yin tí ẹ wà ní etí Odò Ògùn, láti ìsàlẹ̀ Abẹ́òkúta dé Ìṣẹrì, ẹ múra. A ó tún sọ̀rọ̀ ní aago méjìlá.” Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ó kà á tẹ̀lé ara wọn, a ó sì tún kà á ní ìbẹ̀rẹ̀ wákàtí kọ̀ọ̀kan. Bí aago méjìlá bá lù tí ẹ kò gbọ́ wa, ẹ yí rédíò sí ilé iṣẹ́ kejì tí ẹ ti sàmì sí.

Kí akọ̀wé ẹgbẹ́ kọ orúkọ àwọn agbọ́rédíò méjèèjì àti nọ́ńbà fóònù wọn, kó kọ orúkọ odò tó sún mọ́ oko yín jù àti afárá tó wà lórí rẹ̀, kó sì fi ránṣẹ́ sí olóòótú ètò àgbẹ̀ kí òjò àrọ̀kúrò tó bẹ̀rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, a ó sọ̀rọ̀ lórí bí a ṣe ń tún ebè kọ sórí ilẹ̀ tí omi ṣẹ̀ṣẹ̀ fà kúrò lórí rẹ̀.